Bí Ìjàpá Mi Ṣe Di Aláṣọ Funfun

Mo ti bá òjò sáré rí, láti Ògbómọ̀ṣọ́ títí dé Ọ̀yọ́, òjò náà kò sì bá mi. Ó ń rọ̀ sórí ẹ̀yìn mọ́tò mi, omi ń ṣàn níbẹ̀ wàràwàrà, ṣùgbọ́n gíláàsì iwájú gbẹ, àní eruku wà lórí rẹ̀. Bí mo bá dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀, òjò á dé orí òrùlé. Bí mo bá tún tẹ̀ ẹ́, á padà sẹ́yìn. Nígbà tí mo dé ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, mo bọ́ sílẹ̀, mo kó aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn wọlé, mo bu omi mu, mo jókòó, kí òjò tó dé. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi òjò.

Mọ́tò tí mo ń wí yìí ni èyí tí gbogbo ayé ń pè ní ìjàpá, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tó ṣe rúbútú. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, iwájú ni búùtù wà. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n rí á rò pé ẹni tó ṣe é ń tòògbé. Mo rà á lọ́wọ́ tíṣà kan nígbà tí irun orí mi ṣì dúdú. Èmi fúnra mi kò kàwé jìnnà, ìwé kẹrin ni mo ti já, ṣùgbọ́n mo gbà pé ìyókù ìwé tí mi ò kà wà lábẹ́ ìjókòó mọ́tò tíṣà yẹn, ó sì ti di tèmi.

Ilé àtijọ́ ni ilé wa. Nígbà tí àwọn bàbá wa ń kọ́ ọ, bí ẹṣin ṣe máa wọlé ni wọ́n rò, wọn ò ro ti mọ́tò. Nítorí náà, ojúde gbangba ni ìjàpá mi ń sùn. Òòrùn ń pa á, òjò ń pa á, adìyẹ ń yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀. Kò dun ẹnikẹ́ni, títí di ọdún tí ẹbí pinnu láti gbẹ́ kànga ẹ̀rọ. Ọkùnrin tó máa ń wá ibi tí omi wà dé, ó gbé irin iṣẹ́ rẹ̀ káàkiri ojúde, ó rìn títí, ó wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò mi.

Ó ní, "Abẹ́ ibí yìí ni."

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àlàájà, ló dàgbà jù nínú ilé wa. Bó bá ti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ parí. Ó yíjú sí mi.

"Bàbá Onímọ́tò, o gbọ́. Gbé e kúrò."

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí n gbé e lọ síbo?"

"Sọ́dọ̀ àwọn tó ń ra irin. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá níbí láàárọ̀."

"Mọ́tò tó ń rìn lẹ fẹ́ kí n tà fún onírin?"

"Ó ń rìn? Ìgbà wo ló rìn gbẹ̀yìn? Ìdí rẹ̀ ti ń jẹrà. Bí òjò ọdún yìí bá rọ̀ lé e tán, ṣíbí la máa fi kó o."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo wá àwọn tó máa bá mi bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, ó jókòó sórí àga rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì dá ẹjọ́ rẹ̀ báyìí: kí òjò ọdún náà rọ̀ tán. Ọjọ́ tí òjò bá dá, òun fúnra òun ni òun máa yẹ mọ́tò náà wò, lókè àti nísàlẹ̀. Bí òun bá rí ihò kan ṣoṣo tí ìpáàrà ti jẹ, onírin ló ni ín. Bí òun ò bá rí, wọn á gbẹ́ kànga sí ibòmíràn, òun ò sì ní sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ títí òun á fi lọ bá àwọn bàbá wa.

Kí n má parọ́, mọ́tò yẹn kì í ṣe irin lójú mi. Òun ni mo fi gbé ìyàwó mi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ wa kejì, inú rẹ̀ ló bí i sí, kí a tó dé ọsibítù. Ó ti di ọdún mélòó kan tí ìyàwó mi ti lọ bá Ọlọ́run. Bí mo bá wọ inú mọ́tò náà láàárọ̀, tí mo pa ilẹ̀kùn dé, mo máa ń ráyè bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀. Nínú ilé tí èèyàn mẹ́tàdínlógún ń gbé, kò síbòmíràn tí bàbá arúgbó lè ti dá sọ̀rọ̀ kí wọ́n má pe àwọn ọmọ rẹ̀ lórí fóònù.

Nítorí náà, mo ní láti wá ohun tí mo máa fi bò ó. Mo wọ bọ́ọ̀sì, ó di Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kì í ṣe pé kò sí irú rẹ̀ ní Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti rí ìyàwó fẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo gbà pé ibẹ̀ ni nǹkan gidi ti ń wá. Mo bá obìnrin kan tó ń ta tapólì, irú èyí tí wọ́n fi ń bo ẹrù orí tírélà.

"Ẹ kú ọjà o."

"Ẹ káàbọ̀, bàbá. Kí lẹ fẹ́ bò?"

"Ìjàpá."

Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Bàbá, Ọlọ́run ti bo ìjàpá. Igbá ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́?"

"Ìjàpá onímọ́tò ni mo wí."

"Àṣé ó ṣì kù láyé?"

"Èmi àti òun la jọ kù."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fa ọ̀kan yọ, ó dúdú, ó nípọn. "Ẹ gba èyí. Omi ò lè gbabẹ̀ kọjá. Afẹ́fẹ́ gan-an ò lè gbabẹ̀ kọjá."

Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn. Mo gbé tapólì lé èjìká, mo wálé. Mi ò nu eruku ara mọ́tò. Mo wé e láti orí dé ẹsẹ̀, mo fi okùn dè é gbagidi bí ẹrù ẹni tó ń ti Mẹ́kà bọ̀. Kí n tó dè é, mo tún dá ọgbọ́n kan. Ìyàwó mi kì í kó aṣọ sínú àpótí láì fi káńfọ̀ sí i, aṣọ rẹ̀ kan kò sì bàjẹ́ rí. Mo rò ó pé ohun tó gba aṣọ là, á gba mọ́tò náà là. Mo ra káńfọ̀ páálí kan, mo fọ́n ọn sábẹ́ ìjókòó, sínú búùtù, sí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì. Mo dì í pa.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni òjò fi rọ̀. Mo jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń wo bí omi ṣe ń já bọ́ lára tapólì, mo ń fi òjò ṣẹ̀sín. Ọjọ́ tí òòrùn yọ, mo lọ tú okùn. Ooru tó jáde lù mí lójú bí ìgbà tí èèyàn bá ṣí ìkòkò mọ́ínmọ́ín. Omi sẹ̀ sára mọ́tò náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Mọ́tò tí òjò ò kàn rẹ ju èyí tí òjò lù lọ. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti wú kókó kókó, bí ara ẹni tí omi gbígbóná dà sí. Ìjókòó hu funfun. Olú hù lẹ́bàá ilẹ̀kùn, mi ò sì sọ pé olú kékeré. Mo bá àgbébọ̀ adìyẹ kan lábẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ó ń fi ṣe ibòòji.

Ẹ̀gbọ́n mi yọ orí lójú fèrèsé. "Ṣé ó ti jẹrà tán ni, àbí ó ku díẹ̀?"

"Ó ń làágùn ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Òkú kì í làágùn."

"Ẹ rí i pé kì í ṣe òkú nìyẹn."

Ó pa fèrèsé dé. Mo fi ìka kan ìdí ilẹ̀kùn, ìyẹ̀fun pupa lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Ìpáàrà ti bẹ̀rẹ̀. Òjò ọdún náà kò sì tíì dé ìdajì.

Ọjọ́ yẹn ni mo rántí àna mi, àbúrò ìyàwó mi, tó jẹ́ télọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìdílé aládùúrà ni ìyàwó mi ti wá, àna mi yìí kì í sì í rán ohun mìíràn ju sùtánà lọ, aṣọ funfun gígùn tí wọ́n ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Mo jù ú lọ dáadáa, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ pé "ìwọ" sí i, nítorí ẹni tó fún ni níyàwó kì í ṣe ọmọdé. Òun náà ò lè sọ ọ́ sí mi, nítorí ọjọ́ orí. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹni tó bá gbọ́ wa á rò pé ogún èèyàn ló ń ṣèpàdé.

"Àna mi, ẹ bá mi rán aṣọ fún mọ́tò."

Kò tilẹ̀ yà á lẹ́nu. "Ẹ mú un wá kí n wọ̀n ọ́n."

"Mo ti fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù yín."

"Mo rí i. Fọ́tò kò ní ìbàdí, ẹ̀gbọ́n. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ránṣọ, mi ò gé aṣọ ẹni tí mi ò fọwọ́ kàn rí."

"Èmi ńkọ́? Mo lè fi tépù wọ̀n ọ́n níbí kí n pè é fún yín."

"Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí ẹ sọ fún wa lọ́jọ́ ìtọrọ pé ẹ ní ilé mẹ́rin?"

Ilé mẹ́rin náà wà, wọ́n ṣì wà títí dòní. Kì í kàn án ṣe èmi ni mo ni wọ́n.

Mẹkáníìkì wá, ó tún ẹ́ńjìnnì ṣe, ó fi bátìrì mìíràn sí i. Ìjàpá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sín, ó jí. Mo kọrí sí Ògbómọ̀ṣọ́. Káńfọ̀ tí mo fọ́n sínú rẹ̀ ti wọ inú ìjókòó pátápátá, gbogbo ojú ọ̀nà ló ń gbọ́ òórùn mi. Ọlọ́kadà kan sún mọ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fa imú.

"Bàbá, ṣé mọ́tò lẹ ń wà ni, àbí àpótí aṣọ?"

"Àpótí ni. Ìwọ wo ohun tí àpótí á ṣe." Mo tẹ̀ ẹ́. Mo fi ọkọ̀ mẹ́ta sílẹ̀ sẹ́yìn kí n tó dé Ògbómọ̀ṣọ́. Lóòótọ́, méjì nínú wọn dúró sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń pààrọ̀ táyà, ṣùgbọ́n mo kọjá wọn.

Àna mi jáde ní ṣọ́ọ̀bù, tépù wà lọ́rùn rẹ̀. Ó yí mọ́tò náà po lẹ́ẹ̀mejì, bí ó ṣe máa ń yí oníbàárà po.

"Ẹ ní kí ó dúró dáadáa."

"Ó dúró."

Ó wọn iwájú, ó wọn òkè, ó wọn ẹ̀yìn. "Àyà rẹ̀ kéré, ìdí rẹ̀ tóbi. Ìyá kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó rí báyìí. Ọ̀rọ̀ aṣọ rẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀."

Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé rẹ̀, sábẹ́ orúkọ wòlíì kan tí ń dúró de sùtánà ìkórè. Nígbà tó wọ̀n ọ́n tán, ó ṣí ilẹ̀kùn apá kejì, ó jókòó sí àyè tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń jókòó sí. Mo yíjú sí títì, mo ń wo kẹ̀kẹ́ Màrúwá tó ń kọjá. Nígbà tó jáde, ó ní káńfọ̀ yìí pọ̀ jù, mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo ti di tapólì mi lẹ́rù wá. Mo ní kó bá mi fi ṣe òkè aṣọ náà, kí òjò má baà wọ̀ ọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀kọ gbígbóná tí wọ́n fi ọ̀rá wé, ẹ ti tú u rí?"

"Mo máa ń tú u."

"Kí lẹ máa ń rí lára ọ̀rá náà?"

"Omi."

"Ta ló bu omi sí i?"

Mo wo tapólì mi.

"Ilẹ̀ tí mọ́tò yín dúró lé ń mí. Ọ̀rinrin ń ti abẹ́ rẹ̀ gòkè, òòrùn sì ń sè é lókè. Ẹ wá fi ọ̀rá wé e. Níbo lẹ fẹ́ kí omi yẹn gbà? Ẹ tún fi eruku sílẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, kí ó máa ha ọ̀dà bí yanrìn." Ó fa aṣọ òwú kan yọ látorí pẹpẹ, ó nípọn, ó hun pọ̀ dáadáa. "Èyí ń mí. Bí òjò bá pọ̀ jù, díẹ̀ á wọlé, mi ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n èyí tó bá wọlé á ráyè jáde."

Inú rẹ̀, ó ní òun máa fi aṣọ rírọ̀ tẹ́ ẹ, irú èyí tí wọ́n fi ń gbé ọmọ ìkókó, kó má baà ha mọ́tò náà lára. Mo ní búlúù ni mo fẹ́.

"Funfun ni mo ní," ni àna mi wí. "Funfun kì í fa òòrùn mọ́ra. Ẹ̀yin tí ẹ wọ dúdú fún un, kí lẹ jèrè?"

Ọjọ́ méjì ni mo fi sùn lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí ó rán an tán, aṣọ náà bá mọ́tò mu láti imú dé ìdí, gígùn rẹ̀ fi ìka mẹ́rin jìnnà sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa gba abẹ́ rẹ̀. Ó tún rán àmùrè méjì mọ́ ọn, irú èyí tí wọ́n fi ń di ìbàdí lórí sùtánà, èmi á máa so wọ́n pọ̀ lábẹ́ ikùn mọ́tò kí atẹ́gùn má baà máa fẹ́ aṣọ náà lẹ́lẹ́. Ó kìlọ̀ fún mi pé kí n fọ mọ́tò náà kí n tó wọ̀ ọ́ fún un, nítorí a kì í wọ aṣọ tuntun láì wẹ̀. Ó wá wo ilẹ̀, ó fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n.

"Ó ku ohun kan. Ẹni tó bá wọ sùtánà kì í wọ bàtà."

Mo wo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. "Ẹ fojú fo ìyẹn, àna mi."

Ìgbà tí mo délé, mo ṣa gbogbo káńfọ̀ kúrò, mo gbá inú mọ́tò náà, mo fọ ọ́, mo jẹ́ kó gbẹ, mo wọṣọ fún un. Àwọn èèyàn ń ti àdúgbò wá kí wa. Wọ́n ń sọ fún mọ́tò náà pé, "Ẹ kú aṣọ tuntun, á gbó, á tọ́," èmi ni mo ń bá a ṣe àmín. Àlùfáà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa dúró lójúde, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, mọ́tò yín yí ẹ̀sìn padà, ẹ ò sì fi tó mi létí."

"Òjò ló yí i padà, Àlùfáà."

"Ṣé á ṣì máa gbé yín lọ kírun Jímọ̀?"

"Lọ́jọ́ Jímọ̀, á bọ́ ọ sílẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, á tún gbé e wọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín títí tẹ̀sùbáà fi já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín. Ó jáde wá, ó fi ọwọ́ pa ojú rírán náà.

"Àna rẹ ló rán an?"

"Òun ni."

"Ó mọ aṣọ rán." Ó wọlé padà. "Ṣùgbọ́n mo ṣì máa yẹ̀ ẹ́ wò."

Mo ṣe iṣẹ́ lọ́dún yẹn. Bí òjò bá rọ̀, tí òòrùn sì yọ, mo máa bọ́ aṣọ náà, mo máa sá a sórí okùn, mo máa ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò kí afẹ́fẹ́ wọ̀ ọ́. Bí méjèèjì bá gbẹ, mo tún máa wọ̀ ọ́ fún un. Àwọn obìnrin ilé ń sọ pé mi ò tọ́jú ara mi tó bẹ́ẹ̀. Ìjì ńlá kan jà tó ṣí páànù ilé kejì lọ. Ó gbé ìjàpá pàápàá kúrò nílẹ̀ díẹ̀, àmùrè ló fà á padà.

Òjò dá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi jáde pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ilé tẹ̀lé e. Onírin náà ti gbọ́, ó ti gbé ọmọlanke rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo bọ́ aṣọ funfun sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n tẹ́ ẹní, ó kúnlẹ̀, ó tan iná sí abẹ́ mọ́tò. Ó fi ìka kan ìdí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, ó ń gbá a, ó ń tẹ́tí sí i bí ẹni tó ń yan àgbọn lọ́jà. Ó ṣí búùtù. Ó ní kí gbogbo èèyàn sún sẹ́yìn, wọ́n ń dí òun ní ìmọ́lẹ̀. Ó wọ inú, ó gbé rọ́bà ilẹ̀ mọ́tò sókè níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Mo fara ti ilẹ̀kùn mọ́tò, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀.

Ó jáde, ó gbọn aṣọ rẹ̀.

"Kò sí ihò," ni ó wí.

Onírin ti ọmọlanke rẹ̀ lọ. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ yẹn parí, wọ́n gbẹ́ kànga sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, omi sì wà níbẹ̀.

Mo ti sọ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ níbí, èyí tó bá wúwo jù nínú rẹ̀, ẹ bá mi bù ú dín. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí mi ò fẹ́ kí ẹ bá mi fọwọ́ bò. Mo sọ ọ́ bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n mi ò rí ihò kankan. Mo hùmọ̀ ìyẹn ni. Ó rí i. Lẹ́yìn ìjókòó mi ni, lábẹ́ rọ́bà ilẹ̀. Ó fi ìka méjì bọ inú rẹ̀, ìka náà sì yọ sí ìsàlẹ̀. Èmi nìkan ló wà nítòsí. Ó wo ojú mi, ó dá rọ́bà náà padà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ dáadáa bí ẹni ń tẹ́ ẹní fún àlejò. Ìgbà yẹn ló wá jáde lọ sọ fún ilé pé kò sí ihò. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè mí ní onírọ́ nínú ilé wa, òun ló sì ń nà mí jù nítorí rẹ̀. A ò tíì sọ̀rọ̀ ọjọ́ náà láàárín ara wa, ṣùgbọ́n mo ti ní kí wẹ́dà tó ń jó irin bá mi dí ihò náà.